"Níbo Lo Ti Rí Èyí?": Akẹ́kọ̀ọ́ Kan, Àrùn Kòkó àti Ilé Ìkàwé Wa ní Oǹdó

Orí Kejì pròjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan mú wá bá mi ní ilé ìkàwé, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ ohun tí àwọn aṣèwádìí ìṣáájú ti rí. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ti fi báírò pupa kọ ìbéèrè kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínrọ̀: "Níbo lo ti rí èyí?" Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ ìtọ́kasí, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Lọ sí ilé ìkàwé." Ọmọbìnrin náà wà ní 400 level ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ìwé náà lé tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi wá àwọn tó sọ nǹkan wọ̀nyí, kí n lè kọ orúkọ wọn sí i."

Ẹ wo ohun tó béèrè yẹn dáadáa. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tán, ó wá ń wá ẹni tó sọ ọ́.

Mò ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì ìbéèrè ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Oǹdó. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí, fún àwọn olùkọ́ tó ń bójú tó pròjẹ́ẹ̀tì, àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn láìpẹ́. Ọmọ náà gbà kí n kọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ rẹ̀. Mo yan ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ nítorí pé ó fi ibi tí iṣẹ́ wa wà gan-an hàn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣaláìní. Íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ọmọ yìí tọ̀sán-tòru. Ìbéèrè ni kò ní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀

Ẹ̀ka wọn lẹ àkọlé pròjẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ́ọ̀dù pé kí oníkálukú mú ọ̀kan. Nígbà tó fi máa débẹ̀, èyí tó kù kò pọ̀ mọ́, ló bá mú èyí tó dá lórí àwọn àrùn kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkọlé tó fẹ̀ tó báyìí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Àrùn èwo? Oko apá ibo? Ìpínlẹ̀ wa ló ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà. Oko kòkó wà ní Ìdànrè, ó wà ní Ilé-Olújìí, ó wà ní Òkè-Igbó, ó wà ní àyíká Oǹdó níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè fi ọdún kan sọ gbogbo àrùn tó ń bá gbogbo rẹ̀ jà.

Ó ra dátà òru, ó kọ "cocoa diseases in Ondo State" sórí Google. Àwọn ìkànnì tó ń ta pròjẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti kọ tán ló ṣáájú. Wọ́n máa ń fi Orí Kìíní han èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn á wá ní kó sanwó kó tó rí ìyókù. Ó da díẹ̀ kọ nínú èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó rí i pé ìtọ́kasí rẹ̀ kò tó, ó ní kí ChatGPT bá òun kọ ìyókù, kó sì fi ìtọ́kasí sí i. Ẹ̀rọ náà ṣe bó ṣe wí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, orúkọ èèyàn, ọdún àti nọ́ńbà ojú ewé pé pérépéré.

Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó, a mú àwọn ìtọ́kasí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kan péré. Orúkọ jọ́nà tó kọ síbẹ̀ wà lóòótọ́. Fọ́líùmù tó kọ wà. A ṣí ojú ewé tó tọ́ka sí, àpilẹ̀kọ mìíràn la bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkó kò sí nínú rẹ̀ rárá. A wá yẹ DOI rẹ̀ wò. Láti ọdún 2000 ni àwọn atẹ̀wé ti ń fún àpilẹ̀kọ ní nọ́ńbà yìí. Ẹni tó bá gbé e sí doi.org, ojú ìwé àpilẹ̀kọ náà gan-an ló yẹ kó gbé e dé. Tiwa kò gbé wa dé ibì kankan. Ìkànnì náà dáhùn pé òun kò mọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wo mi. "Ma, ṣé ẹ̀rọ yẹn ń parọ́ fún mi ni?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ náà kò lọ sídìí pẹpẹ ìwé kankan kó tó fèsì. Ó ti ka ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé tẹ́lẹ̀, ó mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí, ó sì to ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tẹ̀ lé ara wọn jọ. Àwọn kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń wo orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí kí wọ́n tó dáhùn, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀. Mi ò bá a wí. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló lò.

Oko bàbá rẹ̀

Mo yí ìwé náà dojú dé, mo ní ká gbàgbé rẹ̀ ná. Mo bi í pé, "Kí ló mú ẹ mú kòkó?"

"Òun ló kù lórí bọ́ọ̀dù, ma."

"Ṣé o mọ kòkó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Owó kòkó ni wọ́n fi ń rán mi níléèwé, ma. Bàbá mi ní oko lọ́nà Òkè-Igbó."

"Kí ló ń ṣe kòkó bàbá ẹ?"

Láti ìgbà tó ti wọlé, ìdáhùn kúkúrú ló ń fún mi. Báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tí òjò bá ti di ojoojúmọ́, ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, àmì dúdú kékeré kan á yọ lára èso kòkó, nígbà mìíràn níbi ọrùn rẹ̀, nígbà mìíràn ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀. Kí ó tó pẹ́, gbogbo èso náà á dúdú, ohun funfun bí ìyẹ̀fun á bò ó lára. Bàbá rẹ̀ máa ń fín in, ó sì máa ń já èyí tó ti dúdú kúrò. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà kì í já tirẹ̀. Orí igi ló ń fi í sí títí á fi gbẹ. Ìjà wọn nìyẹn lọ́dọọdún. Bàbá rẹ̀ ní èyí tó ti jẹrà lórí igi ọmọkùnrin yẹn ló ń kó bá tòun. Ọmọkùnrin náà ní òjò ló ń fà á, pé kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí òjò.

Mo ní, "Nínú àwọn méjèèjì, ta lo rò pé ó jàre?"

Ó ronú díẹ̀. "Mi ò mọ̀, ma."

"Ohun tí o máa ṣèwádìí lé lórí nìyẹn."

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ yìí lè dà bí nǹkan kékeré létí ẹni tí kò bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó rí. Àwọn olùkọ́ ilé ìkàwé máa ń kọ́ wa pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ nídìí tábìlì ìbéèrè ni kí a wádìí ohun tí èèyàn ń wá gan-an, torí ohun tó kọ́kọ́ sọ lẹ́nu kì í sábà jẹ́ òun. Ẹni tó ní òun ń wá ìwé lórí kòkó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí oko bàbá òun fi ń run. Bí mo bá fún un ní ìwé lórí kòkó, mo ti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò tíì ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ oko bàbá rẹ̀ ló gbé e ró.

Wíwá ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn fi ń pè é

A mú bébà kan, a pín in sọ́nà mẹ́ta. Ní apá kìíní, ó kọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń pè é. Ní apá kejì, ó kọ ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, black pod. Ní apá kẹta, ó kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, Phytophthora. Mo ní kó ṣe kòkó fúnra rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Cocoa ni àwa ń kọ. Cacao ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé láti Amẹ́ríkà ń kọ. Theobroma cacao ni orúkọ tí onímọ̀ ohun ọ̀gbìn níbikíbi máa mọ̀. Ẹni tó bá ń wá "cocoa" nìkan, iṣẹ́ àwọn tó kọ ọ́ ní "cacao" lè kọjá lójú rẹ̀. Ọmọ náà ti ń lo Google láti ìgbà tó ti ní fóònù, kò sì sẹ́ni tó sọ èyí fún un rí.

Mo wá fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi àmì àyọlò de ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí ẹ̀rọ má baà yà wọ́n nípá, àti bí wọ́n ṣe ń kọ OR ní lẹ́tà ńlá láàárín orúkọ méjì tó jẹ́ ti nǹkan kan náà. A kúrò lórí Google lásán, a bọ́ sórí Google Scholar, tó ti wà láti ọdún 2004. Ibẹ̀ ni mo ti fi "Cited by" hàn án. Tí èèyàn bá rí àpilẹ̀kọ kan tó dára, ó lè tẹ ibẹ̀ kó rí gbogbo àwọn tó ti tọ́ka sí i láti ìgbà tó ti jáde. Inú rẹ̀ dùn sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá mọ ẹnì kan láàárín agbo ẹbí, tí ẹni náà wá ń fi àwọn yòókù hàn án.

Nígbà tí a ń wá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì mi báyìí. Mo ti rán an lọ sídìí pẹpẹ wa, ní SB, níbi tí ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn máa ń wà. Ó mú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ya bọ̀. Ìwé náà ní Phytophthora palmivora ló ń fa àrùn èso dúdú. Àpilẹ̀kọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú wa ní Phytophthora megakarya ni, pàápàá ní apá ọ̀dọ̀ tiwa. Ó gbé méjèèjì síwájú mi. "Ma, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́."

Mo ní kó ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀wé sí. Ìwé náà ti wà ṣáájú ọdún 1979. Ní 1979 ni Brasier àti Griffin tẹ iṣẹ́ wọn jáde, tí wọ́n ya megakarya sọ́tọ̀ kúrò lára palmivora gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan tó dá dúró. Palmivora ń pa kòkó káàkiri ayé. Megakarya kò kọjá ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, òun ló sì le jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ ìwé orí pẹpẹ wa kò parọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ló kọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí ń wò lára ìwé yòówù ni ọdún rẹ̀. Mo lè fi wákàtí kan dúró níwájú gbọ̀ngàn kí n máa sọ pé ọdún ìtẹ̀wé ṣe pàtàkì, kò ní wọnú ẹnikẹ́ni bó ṣe wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn.

Ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ pé ó ṣí

Ó ti rí àpilẹ̀kọ kan láti Kamẹrúùnù, tó jáde ní 2004 nínú jọ́nà Crop Protection, lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí àgbẹ̀ bá ń já èso tó ti kó àrùn kúrò lára igi. Ọ̀rọ̀ ìjà bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé tó ní kó fi dọ́là rà á ló jáde. Ó ti fẹ́ pa á dé.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ilé ìkàwé wa ti forúkọ sílẹ̀ fún AGORA. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, FAO, ló dá a sílẹ̀ ní 2003 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè bí tiwa lè máa ka jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Hinari, ti àjọ ìlera àgbáyé, ti ṣáájú rẹ̀ ní 2002 fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Mo tẹ páswọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ sí i, àpilẹ̀kọ náà sì ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé láti ìgbà wo ni èyí ti wà. Nígbà tí mo dá a lóhùn, kò sọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ láti ọdún kìíní wọn nìyí, ó sì máa ń dùn mí wọra tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ láìgbọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo tún fi African Journals Online hàn án, AJOL, tó ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣèwádìí ní ìpínlẹ̀ tiwa, èyí tí Google máa ń tì sẹ́yìn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á rántí TEEAL, tí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1999. Inú àwo CD ni wọ́n kó àwọn jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ sí nígbà náà, lẹ́yìn náà wọ́n kó o sínú háàdì dísìkì, kí ilé ìkàwé lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì wúlò fún wa. Iná lè lọ nígbàkigbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dákú. Nítorí náà ohunkóhun tí a bá rí, a máa ń gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sínú fódà tí a fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà kan, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi fúláàṣì kó o lọ kà nílé. Dátà kò ná an ní kọ́bọ̀.

Kíkà á, kí ó tó di kíkọ

Ibi tó gbà wá lásìkò jù lọ nìyí, àwọn tó ń kọ̀wé nípa ilé ìkàwé kì í sì í sábà dúró síbẹ̀. Wíwá ìwé yá. Kíkà á kò yá. Ó ń ka àpilẹ̀kọ Kamẹrúùnù náà pẹ̀lú báírò lọ́wọ́, ó sì ń da gbólóhùn rẹ̀ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí ó bá fi bẹ́ẹ̀ kọ Orí Kejì, ìbéèrè pupa yẹn á tún padà wá.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Sọ ohun tí wọ́n ní fún mi. Fi Yorùbá sọ ọ́, bí ìgbà tí o bá ń sọ fún bàbá ẹ."

Ó kọ́kọ́ ń tiraka. Ó ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, kó sọ ohun tí àwọn èèyàn náà ṣe. Ló bá ní: "Wọ́n mú àwọn igi kòkó kan, wọ́n ń já gbogbo èyí tó ti ní àrùn kúrò lára wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀, wọn ò já tiwọn. Àwọn tí wọ́n ń já, àrùn náà dínkù lára wọn." Ó dúró. Ó wá fi ohùn mìíràn sọ pé: "Ṣùgbọ́n ma, bàbá mi kì í lè lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oko yẹn jìnnà. Lásìkò òjò ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe é gbà."

Mo fún un ní báírò padà, mo ní kó kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sílẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kó tó bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Gbólóhùn tó kọ kò fi bẹ́ẹ̀ dán. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀rọ tó gbé wá níjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, ó sì mọ ibi tó ti rí gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ọgbọ́n yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ka ìpínrọ̀ kan, pa ìwé dé, sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó tó di pé o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé kò lè ṣe é, òun fúnra rẹ̀ á sì mọ̀ pé kò tíì yé òun.

Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ọ̀nà oko yẹn ni ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ ti jáde. Ìwé ti fi hàn pé jíjá èso tó ti jẹrà kúrò ń ṣiṣẹ́. Òjò náà sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, torí megakarya lè máa gbé inú ilẹ̀, òjò á ta á sára èso ìsàlẹ̀, èèrà náà á gbé erùpẹ̀ gun igi. Bàbá rẹ̀ jàre, ẹni kejì náà kò sì parọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan tó rí ni ti àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Òkè-Igbó: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń já a kúrò lóṣù lásìkò òjò, kí sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é tó bó ṣe yẹ? Ó gbé e lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ̀. Súpáfáísọ̀ gbà á, ó sì yí àkọlé náà padà fún un.

Iṣẹ́ tó kù

Ìyókù yá. A kọ lẹ́tà ìfinimọ̀ fún un lọ sí ẹ̀ka CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tó wà ní Òwenà, lọ́nà Àkúrẹ́. Orílé-iṣẹ́ CRIN wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn láti 1964, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì mọ ohun tí wọn ò tíì tẹ̀ sínú jọ́nà kankan. Ilé ìkàwé tó bá rò pé inú ògiri rẹ̀ nìkan ni ìmọ̀ wà ti já akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kulẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà kọ́ ọ ní KoboToolbox. Ó gbé ìbéèrè rẹ̀ sórí fóònù, ó ń kọ èsì àwọn àgbẹ̀ sí i nínú oko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó padà dé ìgboro. Zotero ló fi to ìtọ́kasí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì fún un ní gbogbo ìgbà. Àwọn irinṣẹ́ yìí rọrùn nígbà tí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ gbogbo wọn lò, tí kò sì ní ohun kan tó fẹ́ fi wọ́n wádìí.

Nígbà tó dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ọ̀kan bi í bóyá ohun tó rí kan gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ní rárá, apá ọ̀nà kan péré ni, ohun tí àwọn àgbẹ̀ sì sọ fún un lẹ́nu ló kọ, kò ka èso lórí igi wọn. Olùkọ́ kan tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ìdáhùn yẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé òun ló ṣiṣẹ́ náà.

Ohun tí a ti gbé síwájú ẹ̀ka wọn

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé a ti kẹ́ ọmọ yẹn jù, pé ní ìgbà tiwọn kò sẹ́ni tó jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Mo gbọ́ ọ yé. Síbẹ̀, n kò bá a kọ gbólóhùn kan nínú pròjẹ́ẹ̀tì náà. Ìbéèrè ni mo ń bi í. Ní ìgbà tiwọn, ìwé tó wà lórí pẹpẹ ti gba ọwọ́ atẹ̀wé àti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kó tó kan akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń kan ọmọ yìí lórí fóònù kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé a kò tó. Ẹnì kan kò lè bá gbogbo 400 level jókòó báyìí. Ẹ̀kọ́ lílo ilé ìkàwé tí wọ́n ń ṣe nínú GST, ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ní ọdún kìíní kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn tó kún àkúnya ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń há a sórí fún ìdánwò. Kò sí ọmọ ọdún kìíní kan tó ní ohun tó fẹ́ wá nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n wá nílò rẹ̀, ọdún mẹ́ta ti kọjá, wọ́n ti gbàgbé.

Nítorí náà mo kọ̀wé sí HOD wọn, olórí ẹ̀ka náà. Mo ní kí wọ́n rán kíláàsì 300 level wá sọ́dọ̀ wa ní ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n tó lẹ àkọlé mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni kọ̀ọ̀kan á mú ohun kan wá tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀, láti oko, láti ọjà, láti ilé. A ó fi ọ̀sán kan ṣe ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ọmọ yìí: bébà onípá mẹ́ta, AGORA, AJOL, kíka àpilẹ̀kọ kan kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lọ bá súpáfáísọ̀. Mo tún ní kí àwọn súpáfáísọ̀ máa fi ìtọ́kasí akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí wa láti Orí Kìíní, ká lè bá wọn yẹ DOI rẹ̀ wò nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn.

HOD gbà á, wọ́n sì ti fún wa ní ọjọ́ nínú sáà tó ń bọ̀. Ti AGORA ni kò tíì yanjú. Páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ara wa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwa la ń tẹ̀ ẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ìkàwé. Ọmọ tó ń gbé lójú ọ̀nà Láje tàbí ní Yábà nílùú wa níbí, tó sì fẹ́ kàwé lálẹ́, kò lè lò ó. A ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ICT pé kí wọ́n bá wa ṣe ọ̀nà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi máa fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wọlé láti ilé. Wọ́n ní àwọn ń wò ó.